Bàbá, Òpè Ni Yín: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwà Ọmọlúàbí Lójú Ọpọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa ní Sábó, ìbáà ṣe ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di àlùbọ́sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń finá sábẹ́ sùyà, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń dúró de èrò kan péré kí ọkọ̀ ó lè kún, sannunku da aiki. Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí: ayò, dráàfù, lúdò, wọ́ọ̀tù, gbogbo èyí tí ẹ ń ta lórí bẹ́ńṣì bí oòrùn bá ti rọlẹ̀.

Ìbéèrè kan ló ti ń jà mí lọ́kàn. Báwo ló ṣe jẹ́ tí ọmọ ogún ọdún ó wo bàbá àádọ́rin ọdún lójú láàárín ọjà, tí yóò ní, "Bàbá, òpè ni yín," tí bàbá náà ó sì bú sẹ́rìn-ín, tí ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tún un tò, ojú ẹ á rí nǹkan"? Ọmọ yẹn kan náà, kó lọ sọ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹnu ọ̀nà ilé bàbá yìí, kíá ni wọ́n á ti ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọpọ́n, kò sí ẹni tó bínú. Ẹ tún wá gbọ́ bó ṣe bú u: òpè ni "yín". Ó bú àgbà, kò sì yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú èébú náà. Bó bá ní "òpè ni ẹ́," ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn, àwọn tó ń wòran á ti dá a dúró.

Kí n tètè la ayò yé àwọn ọmọ tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ eré. Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, mẹ́fà mẹ́fà níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin là ń tò sí ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹ ó kó ọmọ inú ilé yín kan, ẹ ó máa fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ọmọ tó wà níbẹ̀ wá di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè. A. O. Odeleye kọ odindi ìwé lórí eré yìí ní 1977, ayò sì wà lára àwọn eré tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń bá ara wọn díje níbi Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé eré àwọn tí kò níṣẹ́ ni.

Òfin kan wà nínú ayò tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Bí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níwájú ẹnìkejì yín bá ṣófo, tí kò ní ẹyọ ọmọ kan tí yóò fi ta, ẹ kò gbọdọ̀ jókòó kí ẹ máa yí ọmọ tiyín kiri níwájú yín. Bí ọ̀nà bá wà, dandan ni kí ẹ ta ilé tí ọmọ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó bọ́ ọ. Ẹni tí ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe pa, òun kan náà lẹ ó bu oúnjẹ fún. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wo ló ti lu èèyàn bolẹ̀ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ fà á dìde, kí ó lè rí i lù? Òfin ayò sì ni. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé bí ọmọ bá tán níwájú ẹnìkejì, eré ti tán fún ẹ̀yin náà. Ẹni tí ẹ ń bá ta, òun ló fún yín ní ayò tí ẹ ń ta.

Ibi tí mo ti rí èyí ní kedere jù lọ láyé òde òní, kì í tilẹ̀ ṣe nídìí ayò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọmọ Yorùbá kan, Tunde Onakoya, ẹni tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, jókòó sí Times Square ní New York, ó ta eré ṣẹ́ẹ̀sì fún ọgọ́ta wákàtí. Gbogbo wa la pariwo orúkọ rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló rántí orúkọ ẹni tó jókòó kọjú sí i ní gbogbo wákàtí yẹn? Shawn Martinez ni, ará Amẹ́ríkà. Òun náà ò sùn. Òun náà ò kúrò nídìí tábìlì ju ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n gbà wọ́n láyè fún ìsinmi. Ká ní ó dìde lọ ilé ní ọgbọ̀n wákàtí, kí ni Tunde fẹ́ ta, ta ló sì fẹ́ bá a ta á?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí òpè. Kì í ṣe òpè nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Wọ́n á ní kó lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta omi. Wọ́n á bèèrè bóyá awò ojú rẹ̀ ló dọ̀tí ni kò fi rí ilé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn òǹwòran á máa fi ẹ̀rín gbè é. Gbogbo ìyẹn dára lójú tèmi, ayò tí wọ́n ń ta ní ìdákẹ́rọ́rọ́ kò dùn ún wò. Ẹ̀fẹ̀ yẹn wà lára ayò, ó sì ń dán sùúrù wò. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ ó ká òun lára á ṣìrò, ẹni tó bá ṣìrò á sì pàdánù.

Ààlà rẹ̀ ló wá wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ohun tó wà lójú ọpọ́n. Ẹ wò ó, lójú ọpọ́n, kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn sọ pé, "O ò lọ́mọ mọ́, mo ti kó gbogbo ọmọ ẹ jẹ." Ọ̀rọ̀ ayò ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé ọkùnrin tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá ló jókòó kọjú sí yín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni ẹ sọ, ẹ kò fi kún un, ẹ kò yọ kúrò. Ọ̀bẹ ni. Ẹni tó bá ní làákàyè á pa gbólóhùn yẹn jẹ níwájú ọkùnrin yìí, bí gbogbo òǹwòran tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní oṣù tó kọjá. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ ọ́.

Ní Sábó, ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àwọn Hausa tó wà níbẹ̀ ní eré tiwọn, tí wọ́n ń pè ní dara. Orí yanrìn ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ihò rẹ̀ sí, ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjìlá ni ẹni kọ̀ọ̀kan ní. Bí o bá ti lè to mẹ́ta pọ̀ lórí ìlà kan, o ó yọ ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì. Ẹni tó mọ ayò dáadáa á jókòó ti dara, wọn á fìyà jẹ ẹ́, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí i, nítorí ó yẹ kí àwa tí à ń pe èèyàn ní òpè ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn Hausa náà mọ ẹ̀fẹ̀, kódà ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ará Kano àti ará Zaria kì í pàdé kí wọ́n má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Fúlàní àti Kànúrí ńkọ́? Wọ́n á dúró lójú títì, èkíní á ní ẹrú òun ni èkejì, èkejì á ní irọ́ ni, bàbá bàbá òun ló ra bàbá bàbá tirẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Àṣà wọn ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Wàyí o, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sídìí ayò níwájú ọmọ Ọ̀yọ́. Ẹ pè é ní ẹrú, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá tó bá sọ pé orí ẹran ni Gàm̀bàrí ní, ti ẹ̀fẹ̀ ni lẹ́nu tirẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹni tó jókòó síwájú òun ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń bá a ṣe. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹ̀yà mìíràn ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú ọpọ́n, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nílé wọn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, òpè tó fún yín.

Àwọn òyìnbó ní eré káàdì kan tí wọ́n ń pè ní pókà. Ẹ ti lè rí i nínú fíìmù, níbi tí àwọn ọkùnrin ti jókòó yí tábìlì ká tí wọn kò ṣẹ́jú. Láti 1970 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje rẹ̀ tó lókìkí jù lọ ní Las Vegas, owó tí wọ́n sì fi ń wọ ìdíje àgbà rẹ̀ jẹ́ ẹgbàárùn-ún dọ́là, ẹ ka iye rẹ̀ ní náírà fúnra yín. Ìwà ọmọlúàbí nídìí pókà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ẹ ó dúró kí ó kàn yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ bá ti ju káàdì tiyín sílẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ẹ jù, nítorí àwọn tó kù ṣì ń ta. Ohun tí ẹnu yín bá ti sọ, ẹ ti sọ ọ́ nìyẹn, kò sí pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe.

Ìwà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kórìíra gan-an, bẹ́ẹ̀ òfin kò dè é. Ẹ mọ̀ pé káàdì ọwọ́ yín ló ga jù, kò sí ohun tó lè borí rẹ̀. Ẹnìkejì yín ti ṣí tirẹ̀, ó sì ń rò pé òun ti jẹ. Dípò kí ẹ ṣí tiyín kíá, ẹ wá ń fa ojú, ẹ ń mí kanlẹ̀, ẹ ń ṣe bí ẹni tó ti pàdánù, kí inú rẹ̀ ó lè dùn díẹ̀ sí i kí ẹ tó já a kulẹ̀. Wọ́n lè má bá yín jókòó mọ́ lẹ́yìn irú ìyẹn. Phil Hellmuth, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ àgbà ní 1989 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó borí Johnny Chan tó ti gbà á fún ọdún méjì léra léra, ti gba àmì ẹ̀yẹ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìdíje yẹn. Síbẹ̀, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un ni Poker Brat, àkẹ́bàjẹ́ ọmọ nídìí pókà, nítorí bó ṣe máa ń dìde, tí á máa bú àwọn tó borí rẹ̀ pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ó tilẹ̀ fi orúkọ náà sórí ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kò sọ ìwà náà di rere.

Ẹ ó rí i pé ohun tí Hellmuth ń ṣe, bó bá jẹ́ nídìí ayò ní Sábó ni, kò sí ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á kàn ní ọ̀gá yìí mọ ariwo pa. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Mo ti rò ó, ibi tí mo bá a dé ni pé owó ló fà á. Ohun tí ẹ pàdánù nídìí ayò, ọmọ ayò ni. Bí wọ́n bá jẹ gbogbo 48, wọ́n á tún un tò, mẹ́rin mẹ́rin ni yóò tún padà sílé yín bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ẹ̀fẹ̀ rí àyè. Nídìí pókà, owó oúnjẹ lè ti lọ, owó ilé lè ti lọ. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, òfò ọlọ́fò ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí kálukú ó panu mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mira lórí bẹ́ńṣì báyìí, nítorí ẹ mọ ibi tí mò ń lọ. Ní àwọn ibì kan, dráàfù àti lúdò kì í ṣe eré lásán mọ́. Igba náírà ń wọ abẹ́ ọpọ́n, ó ń di ẹgbẹ̀rún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ ohun tí Súrà Al-Má'ídà sọ nípa rẹ̀ ní ẹsẹ àádọ́rùn-ún, ibi kan náà tí ó ti dárúkọ ọtí. Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi tí ìjọ yín ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, ẹ kò nílò kí n wá wàásù fún yín. N kò wá ṣe àlùfáà lónìí. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé àwọn tó ń fi owó sí i fẹ́ jẹ méjèèjì pọ̀: wọ́n fẹ́ gba owó ẹni, wọ́n sì tún fẹ́ pe ẹni náà ní òpè. Ibẹ̀ ni ọpọ́n ti ń dojú dé. Ibẹ̀ ni ìgò ti ń fọ́. Ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ òpè bí ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó kún gbogbo ojú pópó lónìí tún wá yàtọ̀ sí ìyẹn. Níbẹ̀, ẹ kò rí ẹni tí ẹ ń bá ta. Ẹ̀rọ ni, ìwé péńpé ni, ojú tẹlifíṣọ̀n ni. Ta ni ẹ fẹ́ kí? Ta ni ẹ fẹ́ bọ́ nígbà tí ilé rẹ̀ bá ṣófo? Mo ti wo ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde níbẹ̀, àwọn tó jẹ pàápàá kì í rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ ayò.

Wọ́ọ̀tù náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, àwọn ọmọdé ló sì mọ̀ ọ́n jù. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Storey ló hùmọ̀ rẹ̀ ní England ní 1935, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ọmọ Nàìjíríà pé kì í ṣe ilé wa ló ti wá, á bá yín jà. Ẹ wò ó, ẹ ti ju káàdì sílẹ̀ títí, ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ yín. Ọgbọ́n inú á ní kí ẹ dákẹ́ kí wọ́n má baà fura. Òfin ní rárá, ẹ ní láti pariwo "Láàsì káàdì!" kí gbogbo wọn ó lè mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ẹ̀ jẹ, kí wọ́n ó sì lè dènà yín bí wọ́n bá ní agbára rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, wọn á ní kí ẹ lọ ra káàdì sí i lọ́jà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá ti gba èyí mọ́ra ti gba nǹkan tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ olóṣèlú wa, pé kí èèyàn kéde agbára rẹ̀ fún ẹni tó ń bá a du nǹkan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkíni. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Wijk aan Zee, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Nigel Short, ará England, na ọwọ́ sí Ivan Cheparinov, ará Bulgaria, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Cheparinov kò gbà á. Short tún nà án lẹ́ẹ̀kejì, kò gbà á. Wọ́n ní Cheparinov ti pàdánù, láìta ẹyọ ọmọ kan. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n ní kí ó tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì ta á. Wọ́n bọwọ́, wọ́n ta á, Short sì borí rẹ̀ náà. Ìyà méjì lórí ọwọ́ kan. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í bọwọ́ kí a tó ta ayò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ìdí ọpọ́n gbọ́dọ̀ kí àwọn tó bá níbẹ̀, kí ó kí àgbà bí a ṣe ń kí àgbà, kí ó tó pè é ní òpè. Ẹni tí kò kí wọn tó jókòó, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kì í dùn létí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n bá ti pa, kó dìde fún ẹlòmíràn. Ẹni tó borí ló ń dúró, kì í ṣe ẹni tó ní bẹ́ńṣì.

Ẹ̀yin òǹwòran, n kò gbàgbé yín o. Ẹ̀yin lẹ máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ lè pariwo bí ó bá ti ta tán, kò sí ẹni tó dí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì ń rò ó, tó gbé ọwọ́ sókè tí kò tíì kó ọmọ, ẹ yé fi àgbọ̀n júwe ilé fún un. Ẹyọ ẹnì kan ló ń bá ẹnì kan ta. Bí ẹ bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ tò, yóò kàn yín.

Èyí tó kù ni ọwọ́ tó kan ọmọ. Nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tí ọwọ́ yín bá ti kàn, òun lẹ ó ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ pa yín. Nídìí ayò, mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà kí èèyàn kó ọmọ, kó kà á nínú àtẹ́lẹwọ́, kó tún dá a padà síbẹ̀, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ní ó ti tà á nìyẹn. Èmi fara mọ́ èyí tó le, nítorí ẹni tó ń kó tó ń dá a padà ń fi àkókò ẹnìkejì ṣòfò, ó sì tún ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò tó yẹ kó fi orí ṣe. Àwọn ọ̀ta kan ní àdúgbò Òkè-Àpò ti sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa, pé kíka ọmọ lọ́wọ́ wà lára ayò. Bí ẹ bá ní ẹnu sí i, ìlà tẹlifóònù wa ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń pè wá, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ládùúgbò yín. Ẹ ǹlẹ́ o, ẹni àkọ́kọ́ ti wà lórí ìlà.